RTOS lórí ESP32: pọ́ǹpù omi ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀

Bí ẹ bá ti fi Arduino kọ kóòdù sórí ESP32 rí, ẹ ti lo RTOS (real-time operating system), ìyẹn ètò tó ń pín àkókò chip láàárín iṣẹ́ púpọ̀, kí èyí tó ṣe kókó jù lè wáyé lásìkò. Irú rẹ̀ tó ń jẹ́ FreeRTOS ló wà nísàlẹ̀ níbẹ̀. Espressif, ilé iṣẹ́ Shanghai tó ṣe chip náà, ló gbé e síbẹ̀. loop() tí gbogbo wa mọ̀ yẹn gan-an, inú task kan (iṣẹ́ kan tí RTOS ń ṣètò) tó ń jẹ́ loopTask ló ti ń yí. Mo fi èyí ṣáájú nítorí àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi n'Íbàdàn máa ń rò pé àfi kéèyàn ra bọ́ọ̀dù olówó gọbọi kó tó lè kọ́ RTOS. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tó wà lọ́wọ́ yín ti tó.

Kọ́ńtírólà pọ́ǹpù borehole ni mo fi máa ń kọ́ wọn, torí òun làwọn oníbàárà ń béèrè jù. Bọ́ọ̀dù náà gbọ́dọ̀ wo ibi tí omi dé nínú táǹkì, kó máa ṣọ́ kọ́rẹ́ǹtì tí pọ́ǹpù ń fà, kó máa gbọ́ ti bọ́tìnnì ara ògiri, kó sì máa fi SIM800L, module tó ń lo SIM, tẹ SMS ránṣẹ́ sí onílé. Ẹ to mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹ̀ léra sínú loop(), yóò ṣiṣẹ́ dáadáa lórí tábìlì. Ẹ wá gbé e lọ sí àdúgbò tí nẹ́tíwọ̀kì ò ti dáa. Kóòdù á ní kí module fi SMS ránṣẹ́, á sì dúró síbẹ̀ máa retí èsì. Ìdúró náà lè ju ìdajì ìṣẹ́jú lọ. Ó lè jẹ́ àsìkò yẹn gan-an ni omi tán nínú kànga. Omi tó yí pọ́ǹpù abẹ́ ilẹ̀ ká ló ń tù ú lára. Bí omi ò bá sí, á gbóná, ó sì lè jó. Kọ́rẹ́ǹtì ti wálẹ̀, ó ti fi hàn pé pọ́ǹpù kò rí omi fà mọ́, ṣùgbọ́n kóòdù tó yẹ kó kà á ṣì wà lẹ́nu SMS. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí ìlà kan tí a kọ lódì nínú rẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ní, "Ọ̀gá, ṣé ẹ ò wá jẹ́ ká lo millis()?" Ìyẹn ni kí kóòdù máa wo aago chip dípò kó dúró. Ìbéèrè gidi ni. Fún LED kan àti bọ́tìnnì kan, millis() tó gẹ́ẹ́. N kì í gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn kó gbé RTOS lé irú ìyẹn. Àmọ́ tí nǹkan mẹ́rin bá ní ìdúró tirẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, àwọn if á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ mọ́ra wọn, ẹni tó kọ ọ́ gan-an kò ní lè tú u mọ́.

Nínú FreeRTOS, kálukú ní task tirẹ̀, ẹ ó sì kọ ọ́ bí ẹni pé òun nìkan ló ni chip. Nọ́ńbà ipò ló ń sọ ẹni tó máa kọ́kọ́ rìn, èyí tó tóbi ló ń borí. Mo fún task kọ́rẹ́ǹtì ní 5, táǹkì àti bọ́tìnnì ní 3, SMS ní 2. Task kọ́rẹ́ǹtì ń jí ní gbogbo 20 milísẹ́kọ́ǹdì pẹ̀lú vTaskDelayUntil. Ẹ má lo vTaskDelay níbí: ìgbà tí ẹ bá pè é ló ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà, torí náà àkókò tí iṣẹ́ fúnra rẹ̀ gbà á máa lé lórí rẹ̀. Tí kọ́rẹ́ǹtì bá wálẹ̀ tí kò gòkè fún ìṣẹ́jú àáyá méjì, task náà á pa relay (switch tó ń tan pọ́ǹpù), á ju ọ̀rọ̀ kan sínú queue, ìlà tí task ń gbà fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ síra wọn, á padà lọ sùn. Task SMS wà lẹ́nu queue yẹn, xQueueReceive pẹ̀lú portMAX_DELAY, kò gba àkókò kankan lọ́wọ́ chip títí ọ̀rọ̀ á fi dé. Bí nẹ́tíwọ̀kì bá fẹ́ gba ìṣẹ́jú kan, kó gbà á. A ti pa pọ́ǹpù kó tó bẹ̀rẹ̀.

Eré sísá kọ́ lọ̀rọ̀ yìí dá lé. ESP32 lè sá dé 240 MHz, eré yẹn kò sì gba pọ́ǹpù là nínú loop(). Ohun tí mo ń wá ni kí ẹ lè fọwọ́ sọ̀yà fún oníbàárà, kí ẹ tó kúrò nílé rẹ̀, pé ìgbà báyìí ni yóò pẹ́ jù kí pọ́ǹpù tó dá.

Ibi tó gba ìrònú jù ni ibi tí task méjì ti fẹ́ lo ohun kan náà. Mutex ni a fi ń ṣọ́ ọ, bíi kọ́kọ́rọ́ balùwẹ̀ nílé ayálégbé: ẹni tó mú un ló lè wọlé. Ní ọjọ́ 4 oṣù Keje 1997, Pathfinder ti NASA balẹ̀ sí Mars, VxWorks sì ni RTOS rẹ̀. Kò pẹ́ tí kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í tún ara rẹ̀ tàn. Task tó ń kó ìròyìn ojú ọjọ́ jọ wà ní ipò ìsàlẹ̀, òun ló mú mutex lọ́wọ́. Task onípò gíga tó ń darí bus (ọ̀nà tí àwọn ẹ̀yà ẹ̀rọ ń gbà bára wọn sọ̀rọ̀) ń dúró dè é. Àwọn task ipò àárín wá ń gba chip mọ́ ti ojú ọjọ́ lọ́wọ́, kò ráyè fi mutex sílẹ̀. Àkókò kọjá lórí task bus, ni ẹ̀rọ bá tún ara rẹ̀ tàn. Àwọn ẹnjiníà JPL, ẹ̀ka NASA tó ń darí Pathfinder, fi ẹ̀dà ẹ̀rọ náà tó wà lọ́dọ̀ wọn wá a títí wọ́n fi rí i, wọ́n sì fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí Mars: wọ́n tan priority inheritance fún mutex yẹn, kí ẹni tó mú un lọ́wọ́ lè yá ipò ẹni tó ń dúró dè é títí yóò fi jáde.

Ẹ rántí rẹ̀ lọ́jọ́ tí task yín méjì bá fẹ́ lo I2C kan, wáyà tí sensor púpọ̀ jọ ń lò. xSemaphoreCreateMutex ní priority inheritance nínú, xSemaphoreCreateBinary kò ní. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí àpẹẹrẹ tí wọ́n fi binary ṣọ́ ohun àjọlò, torí orí tábìlì kọ́ ni wàhálà rẹ̀ ti ń yọjú.

Ó ku stack, ìyẹn àyè memory tí task kọ̀ọ̀kan ń lò. Lórí ESP32, byte ni xTaskCreate ń ka ìwọ̀n rẹ̀. Nínú FreeRTOS ti ọ̀pọ̀ chip mìíràn, word ni. 128 tó ṣiṣẹ́ lórí chip STM32, 512 byte ló jẹ́ níbẹ̀, torí byte mẹ́rin ni word kan. Tí ẹ bá dà á kọ sórí ESP32, 128 byte lásán ni, kò lè tó. 4096 ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ni mo máa ń fi uxTaskGetStackHighWaterMark wo èyí tó ṣẹ́ kù. Ẹ yọ SIM kúrò, kí SMS kùnà, kí ẹ tó ka nọ́ńbà yẹn, torí ọ̀nà ìkùnà lè jẹ stack ju ọ̀nà àṣeyọrí lọ.