Àwọn tó kọ orin ogun inú ìwé orin wa

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, tí dùùrù bá ti gbé "Ẹ máa tẹ̀ síwájú, Kristian ológun" báyìí, kò sẹ́ni tó máa jókòó mọ́ o, àwọn màmá á máa fẹsẹ̀ janlẹ̀ bíi pé ọ̀tá ilé wọn ló wà lábẹ́ bàtà yẹn, àwọn ọmọ Boys' Brigade á na àyà, kódà bàbá tó ti ń sùn látìgbà ìwàásù á là'jú. Mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. Àmọ́ ọ̀tá tá a máa ń rò lọ́kàn nígbà tá a bá ń kọ ọ́, àwọn tó kọ orin náà ò mọ̀ ọ́n rí.

Orin ọmọdé ni, ṣẹ́ ẹ mọ̀? Sabine Baring-Gould, àlùfáà kékeré kan ní Horbury Bridge, ní Yorkshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ ọ́ ní nǹkan bí ọdún 1865. Àwọn ọmọ Sunday school ẹ̀ fẹ́ tò lọ sí abúlé kejì lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀lé Pẹ́ńtíkọ́sì, pẹ̀lú àgbélébùú àti àsíá, kò rí orin tó máa bá ẹsẹ̀ wọn mu, ló bá jókòó lóru ló kọ ọ́. Òun fúnra ẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé ìkánjú lòun fi kọ ọ́, pé àwọn ibì kan nínú ẹ̀ ò dún bó ṣe yẹ. Arthur Sullivan ló wá fún un ní ohùn tá a mọ̀ yìí ní 1871, ohùn yẹn gan-an ló ń mú èèyàn dìde, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ibẹ̀, èrò tèmi nìyẹn. Ní 1986 ìgbìmọ̀ kan láàárín àwọn Methodist Amẹ́ríkà ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ìwé orin nítorí ọ̀rọ̀ ogun tó pọ̀ nínú ẹ̀, àwọn ọmọ ìjọ fárígá, wọ́n sì fi orin náà sílẹ̀ nínú ìwé.

"Dúró, dúró fún Jésù" ní tiẹ̀, ikú ló bí i. Dudley Tyng, oníwàásù ọ̀dọ́ ní Philadelphia, tí wọ́n ti lé kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì ẹ̀ torí pé ó ń wàásù lòdì sí òwò ẹrú, wà nínú abà ní April 1858 níbi tí ìbaaka ti ń yí ẹ̀rọ tó ń já ọmọ àgbàdo kúrò lára ṣùkù, ẹ̀rọ náà wọ́ aṣọ ẹ̀ tapátapá, láàárín ọjọ́ mélòó kan ó kú. Wọ́n ní ohun tó ránṣẹ́ sáwọn oníwàásù ẹgbẹ́ ẹ̀ ni pé kí wọ́n dúró fún Jésù. Ọ̀rẹ́ ẹ̀, George Duffield, ló sọ ọ́ di orin.

Ṣùgbọ́n èyí tó wù mí jù ni "D'odi mú, èmi fẹ́rẹ̀ dé" (Hold the Fort lédè Gẹ̀ẹ́sì), torí ogun gidi ló ti wá. Ní October 5, 1864, nígbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, Jẹ́nẹ́rà Corse ti apá Àríwá pẹ̀lú nǹkan bíi 2,000 ọmọ ogun ń ṣọ́ oúnjẹ ní Allatoona ní Georgia, bẹ́ẹ̀ ni o, oúnjẹ! Bísíkíìtì líle tí àwọn sójà ń jẹ, ó kún ibẹ̀ bámúbámú. Àwọn ará Gúúsù yí wọn ká, wọ́n ní kó túúbá, ó kọ̀. Látorí òkè Kennesaw ni wọ́n ti ń fi àsíá jíṣẹ́ Jẹ́nẹ́rà Sherman, ọ̀gá Corse, fún wọn pé kí wọ́n dì í mú, àwọn ń bọ̀. Lọ́jọ́ kejì Corse fèsì pé egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan àti etí kan ti lọ lára òun, àmọ́ òun ṣì lè na gbogbo ọ̀run àpáàdì. Ìgbà tí Sherman wá rí i, etí wà níbẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wà níbẹ̀, ó fi í ṣe yẹ̀yẹ́ dáadáa.

Ẹ wá gbọ́ ibi tó dùn: àwọn tó ń bọ̀ yẹn ò débẹ̀ kí ìjà tó parí. Ọ̀gágun ọ̀tá ló gbọ́ pé ìrànlọ́wọ́ ti sún mọ́lé, ló kó àwọn ọmọ ogun ẹ̀ kúrò. Ìròyìn lásán ló lé wọn lọ! Àwọn tó kú, tó fara pa, àtàwọn tí ọ̀tá mú lóǹdè, ní apá méjèèjì, ju 1,500 lọ, Kristẹni sì pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n lé yẹn náà o, ìyẹn ò sí nínú orin.

Major Whittle, sójà Àríwá tẹ́lẹ̀, ló sọ ìtàn yẹn níbi ìpàdé kan ní Rockford, Illinois ní 1870, Philip Bliss, olórin ẹ̀mí kan, gbọ́ ọ, ló bá kọ orin. Ó tàn kálẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ pàápàá yí ọ̀rọ̀ ẹ̀ padà fi ja ìjà owó oṣù. Bliss ò fẹ́ kó jẹ́ orin yẹn nìkan láyé máa fi rántí òun. Ní December 29, 1876, afárá reluwéè já ní Ashtabula, Ohio, òun àti ìyàwó ẹ̀ Lucy bá a lọ. Òkúta ìrántí tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún un ní Pennsylvania, ohun tí wọ́n kọ sí i ni pé òun ló kọ Hold the Fort. Bẹ́ẹ̀ òun náà ló ṣe ohùn It Is Well, ọdún tó kú gan-an ló jáde, èmi ì bá fi ìyẹn sí i.