Sáìrẹ́ẹ̀nì Inú Ṣòkòtò

Mo bẹ gbogbo yín, ẹni tó bá pàdé mi lójú títì kó má pè mí ní Bàbá Sáìrẹ́ẹ̀nì mọ́. Àwọn ọmọ tí wọn ò tíì lè fun ikun imú ara wọn ni wọ́n kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Láàárọ̀ àná, mo ní kí n lọ ra ìṣáná lásán, ọ̀kan nínú wọn yọ orí lójú fèrèsé, ó ní "wíì-wóò, wíì-wóò," ìyá rẹ̀ tó yẹ kó bá a wí sì ń rẹ́rìn-ín nínú ilé. Èmi, ẹni ọdún 43, baba ọmọ mẹ́ta, akọ̀wé ẹgbẹ́ àdúgbò!

Bí ìpinnu ọdún tuntun tí mo ṣe ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ṣe forí ṣánpọ́n, ẹ̀yin náà ṣáà mọ̀ ọ́n. N kò ní tún un sọ. Ẹ mọ ti jíìmù, ẹ mọ ti ìwé méjìlá tí mo ní n ó kà. Ti kóló nìkan ni mi ò tíì sọ fún yín. Nígbà tí oṣù Òkúdù ń lọ sópin, mo fà á jáde lẹ́yìn ibùsùn, mo mì ín, ó dún "kóró." Inú mi dùn. Mo fọ́ ọ. ₦400 ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì kan. Bọ́tìnnì ló ń dún. Títí di òní, mi ò mọ ẹni tó ń bá mi fi bọ́tìnnì pamọ́.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní kí gbogbo ẹni tí Ọlọ́run ti ṣe nǹkan fún láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún jó jáde síwájú pẹpẹ. Mo jó. Bí mo ṣe ń jó ni mò ń bi ara mi pé kí ni mò ń jó sí gan-an. Ikùn mi náà ń jó, òun ló mọ ohun tó ń jó sí, torí pé òun nìkan ló tẹ̀ síwájú nínú gbogbo wa láti oṣù mẹ́fà.

Ìgbà tí a délé ni mo rántí Kọ́jọ́dá, kàlẹ́ńdà ìbílẹ̀ Yorùbá. Ara mi yá gágá! Ta ló ní mo kùnà? Oṣù Ṣẹ́rẹ́ kọ́ ni ìbẹ̀rẹ̀ ọdún Yorùbá rárá. Nínú Kọ́jọ́dá, ọjọ́ 3 oṣù Òkúdù ni ọdún tuntun ń wọlé, ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin ni ọ̀sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 91 ló sì wà nínú ọdún kan. Ẹni tó ní ọ̀sẹ̀ 91 lọ́wọ́, kí ló ń kánjú sí? Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń kó wa láyà jẹ pàápàá, kó tó di ọdún 1752, ọjọ́ 25 oṣù Ẹ̀rẹ̀nà ni ọdún tuntun wọn lábẹ́ òfin. Mo to gbogbo rẹ̀ kalẹ̀ níwájú ìyàwó mi bí agbẹjọ́rò. Ẹ̀wà ló ń ṣà. Kò tiẹ̀ gbójú sókè.

Ó ní, "Bàbá Ìbejì, bó bá jẹ́ ọjọ́ 3 oṣù Òkúdù ni ọdún wọlé, ṣé ẹ ò ti tún pẹ́ dé síbẹ̀ náà?"

Mo ní ọ̀rọ̀ àṣà kò yé e. Mo dìde, mo lọ ra ìwé olójú ewé 60 àti bírò tuntun, torí pé mo ti ṣàkíyèsí pé bírò àtijọ́ yẹn ló kó bá mi. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Agẹmọ, mo ní n ó máa sáré láràárọ̀ kí aago mẹ́fà tó lù. N ó fi òróró sílẹ̀ pátápátá, pàápàá àkàrà. ₦500 lójúmọ́ sínú kóló tuntun. Kóló ọ̀hún, ₦1,500 ni mo rà á, igi tó dáa, ẹ fi ọkàn sí iye yẹn. Ìwé kíkà tún wà níbẹ̀. Èyí tó gbẹ̀yìn ni pé n kò ní bá Bàbá Onílé jiyàn mọ́ lórí owó ilé tó fẹ́ fi kún.

Ìṣòro ibẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: oorun mi. Orin tó wà lórí ààgo fóònù mi dùn jù, bó bá ti ń kọ ọ́, ńṣe ni mo máa ń ro pé wọ́n ń rẹ̀ mí lẹ́kún. Mo wá lọ wá ohun tó lè jí òkú. Mo rí sáìrẹ́ẹ̀nì ọkọ̀ panápaná. Mo dá a sí aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú 15, kó lè jí mi. Mo tún dá a sí aago mẹ́fà, kó lè sọ fún mi pé eré ti tó, kí n padà sílé. Mo yin orí mi lọ́jọ́ yẹn. Mo ní ọgbọ́n inú orí yìí, ìjọba ò mọ̀ pé ó wà nílùú Ìbàdàn.

Ọjọ́ kìíní, òjò rọ̀. Ọjọ́ kejì, mo gbọ́ tí omi ń dà ṣàà, mo ní òjò tún ni, mo fi aṣọ borí. Kì í ṣe òjò. Táǹkì ará ilé kejì ló kún tó ń dà sórí páànù. Àmọ́ kóló gba ₦500 tirẹ̀ lọ́jọ́ méjèèjì, ká fi èyí náà sí i.

Ọjọ́ kẹta, kò sí òjò, kò sí táǹkì. Ìyàwó mi ló fi ìgbọ̀nwọ́ tì mí. Mo ju ₦500 sínú kóló, mo wọ ṣòkòtò péńpé pupa tí mo rà níbi òkìríkà. Ohun tó wù mí lára ṣòkòtò yìí ni pé àpò rẹ̀ ní síìpù. Mo ki fóònù bọ̀ ọ́, mo fa síìpù dé òkè, mo fọwọ́ gbá a, mo ní ó dára, kò ní já bọ́.

Kò já bọ́ lóòótọ́.

Kí n má parọ́, eré tí mo sá kì í ṣe eré. Bí ẹni tí inú ń run ni mo ṣe ń lọ, tí mò ń fo ẹrọ̀fọ̀ kiri, títí mo fi dé oríta Ìyá Alákàrà. Àwọn oníbàárà ti yí i ká.

Ó ní, "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀gbọ́n. Ṣé kí n bá yín wé tiyín sílẹ̀?"

Mo ní, "Rárá o. Mo ti jáwọ́."

Ó gbé ṣíbí dúró lókè òróró. Ojú tó fi wò mí, àfi bí ẹni pé mo ní mo ti kọ ìyàwó mi sílẹ̀. Mo fi ìgbéraga kọjá. N ò tíì rìn tó ìṣísẹ̀ mẹ́wàá nígbà tí aago mẹ́fà lù nínú ṣòkòtò mi.

Wíìì-wóòò! Wíìì-wóòò!

Mo ki ọwọ́ sí síìpù. Síìpù há. Mo fà á sókè, mo fà á sísàlẹ̀, ó gé aṣọ jẹ, kò fẹ́ tu ú. Gbogbo ojú ti yí sí mi. Ẹni tí sáìrẹ́ẹ̀nì ń ké nínú ṣòkòtò rẹ̀, ibo ló fẹ́ dúró sí? Ìtìjú ló bá mi, mo ní kí n sáré dé ilé kíá. Ìgbà tí mo wá sáré gidi nìyẹn o, ìgbà àkọ́kọ́ láti ilé ẹ̀kọ́ girama.

Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé àgbà kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán, bí kò bá lé ejò, ejò ń lé e. Gbogbo àdúgbò wa ló kọ́ òwe yìí ní kékeré, kò sì sí ẹnì kan nínú wọn tó dúró béèrè ejò. Àwọn ọlọ́kadà ló kọ́kọ́ ṣáná sí ọ̀kadà, wọ́n rò pé àwọn tó ń gba ọ̀kadà ló dé, ọ̀kan fi èrò rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan lókè. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin inú ilé aláwọ̀ ewé, àwọn tí kò sẹ́ni tó mọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, mẹ́rin ló fo fẹ́ńsì lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú kọ̀ǹpútà lábíyá. Bàbá kan jáde ní balùwẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, ọṣẹ lójú, táwẹ́ẹ̀lì nídìí, ó ní "Kí ló dé?" kí n tó dáhùn, ó ti ṣíwájú mi.

Mò ń pariwo fún wọn o. Mò ń sọ pé "Ẹ má sá!" Àmọ́ èémí mi kò gbé gbogbo rẹ̀. "Sá!" nìkan ló ń jáde.

Ẹ jẹ́ ká pa tèmi tì ná. Ọ̀rọ̀ Bàbá Onílé ló yẹ ká sọ. Ẹ mọ̀ pé ọdún kẹta rèé tí orúnkún kò jẹ́ kí bàbá yìí ṣe ohunkóhun. Tá a bá fẹ́ kó gọ́tà, orúnkún. Òrùlé ń jò sórí ibùsùn àwọn ọmọ mi, kó wá wò ó, orúnkún. Ọ̀pá ló fi ń rìn. Ìgbà tó bá fẹ́ wá bá wa sọ̀rọ̀ owó ilé nìkan ni orúnkún máa ń fún un láyè. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó jókòó níta pẹ̀lú jalabíà, ó ń run pákò. Ó rí ọ̀pọ̀ èrò tó ń bọ̀, ó gbọ́ sáìrẹ́ẹ̀nì.

Bàbá dìde. Ó ká jalabíà dé àyà. Ó sáré! Mo fi Ọlọ́run bura, ó kọjá lára mi fìì, mo rí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Gọ́tà iwájú ilé wa tí a tẹ́ pátákó sí, bàbá kò fẹsẹ̀ kan pátákó. Ó fò ó. Ó balẹ̀ lódì kejì bí ológbò, kò tiẹ̀ ta gọ́ọ́gọ̀ọ́. Ọ̀pá ṣì fara ti ògiri níta, ó ń wò wá lọ.

Nígbà tí mo fi já wọ ilé mi, ẹsẹ̀ méjì ti yọ lábẹ́ kọ́tìnnì pálọ̀.

Ohùn kan ní, "Ti ilẹ̀kùn! Ti ilẹ̀kùn kíá!"

Mo tì í. Wíìì-wóòò. Bàbá Onílé yọ ojú, pákò ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó wo ilẹ̀kùn. Ó wo fèrèsé. Lẹ́yìn náà ó rọra wo ṣòkòtò mi. Ìyàwó mi jáde láti kíṣìnnì pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì, kò bi wá léèrè ọ̀rọ̀ kankan, ó gé àpò náà, ó pa fóònù, ó padà sídìí ìkòkò rẹ̀. Àwa ọkùnrin méjèèjì dúró níbẹ̀, à ń mí.

Ìyá Alákàrà dé láìpẹ́ pẹ̀lú ẹlẹ́rìí. Ọpẹ́ ni pé òróró gbígbóná kò dà sí ẹnikẹ́ni lára, àmọ́ abọ́ ẹ̀wà lílọ̀ ti dojú dé sínú ẹrọ̀fọ̀. Ó ka owó ẹ̀wà, ó ka ata, ó ka àlùbọ́sà, ó ka owó tó fi lọ̀ ọ́, ó tún ka ti àyà tó já. ₦8,000. Mo gbé kóló wá. Mo fi òòlù fọ́ igi ₦1,500 láti mú ₦1,500 jáde nínú rẹ̀. Ìyàwó mi ló yá mi ní ìyókù, ó sì ti kọ ọ́ sójú ewé kìíní ìwé mi, lábẹ́ ibi tí mo ti kọ "ìfowópamọ́."

Àkàrà tó ti dín kí aago mẹ́fà tó lù, tí oníbàárà kankan kò padà wá gbà, Ìyá Alákàrà ní tèmi ni, mo ti sanwó rẹ̀. Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni. Ó ti tutù. Mo fi gààrí mu un, n ò sì ní parọ́ fún yín, ó dùn.

Lálẹ́, wọ́n kan ilẹ̀kùn. Bàbá Onílé ni, pẹ̀lú ọ̀pá, ó ń rìn wọ́ọ́rọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ẹni tó gbé ẹyin. Ó jókòó, ó tẹ́ orúnkún sílẹ̀, ó wúkọ́. Ó ní òun ti ro ọ̀rọ̀ owó ilé yẹn dáadáa, pé nǹkan le fún gbogbo èèyàn, kí á ṣì fi sílẹ̀ bó ṣe wà di ọdún tó ń bọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó ní ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo lòun náà ní, ó fi ọ̀pá tọ́ka sí ọ̀nà gọ́tà, kò tiẹ̀ lè sọ ọ́ jáde.

Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá. N kò ní sọ ọ́ fún ẹyọ ẹnì kan."

Ẹ̀yin náà rí i pé ẹyọ ẹnì kan kọ́ ni yín.