Kò síbi tá à ń lọ

Bàbá àgbàlagbà kan ló sọ ọ́ fún ajá rẹ̀ láàárọ̀ yìí, kò sì tíì kúrò lọ́kàn mi. Ajá náà ń fa okùn, ó fẹ́ sáré. Bàbá fà á padà jẹ́jẹ́, ó ní, "Rọra. Kò síbi tá à ń lọ." Òyìnbó ni wọ́n fi sọ ọ́, ti àwọn ará Yorkshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, tí wọ́n máa ń gbé ìdajì ọ̀rọ̀ mì yẹn, àmọ́ Yorùbá ló bá dé etí mi. Wọ́n kọjá lára mi, bàbá mi orí sí mi, mo kí wọn. Wọ́n lọ, ọ̀rọ̀ náà dúró tì mí.

Kò síbi tá à ń lọ.

Nílé, ta ló jẹ́ sọ bẹ́ẹ̀? O ò ní tíì rin ogún ìṣísẹ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà n'Íbàdàn tí ẹnìkan á fi ní, "Níbo lò ń lọ?" Kì í ṣe òfófó, ìkíni ni. Ìdáhùn sì gbọ́dọ̀ wà: ọjà, ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀dọ̀ télọ̀. Ẹni tí kò bá rí nǹkan kan sọ, wọ́n á wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn níbí, mo máa ń mú àpò ọjà lọ́wọ́, tó ṣófo, kí n lè ní ohun tí màá sọ tí ẹnikẹ́ni bá bi mí. Kò sẹ́ni tó bi mí rí.

Ìrìn tòní ò pọ̀. Mo jáde lẹ́nu iṣẹ́ òru, mo bọ́ sí etí omi tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́ fún ọkọ̀ ojú omi ní Saltaire, mo rìn dé Bingley, mo wọ reluwé padà. Ó tó máìlì 3. Òjò ò rọ̀, àmọ́ ẹrẹ̀ pọ̀, ewé tó ti pọ́n bo ojú omi débi pé o lè rò pé ilẹ̀ ni.

Ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan bá mi rìn fún ìgbà díẹ̀, èéfín ń rú jáde lórí rẹ̀. Òfin ò gbà kí ọkọ̀ sáré ju máìlì 4 lọ ní wákàtí kan lórí omi yìí. Ẹni tó bá gbẹ́sẹ̀ dáadáa á bá a rìn dọ́gba. Mo fẹ́ràn ìyẹn gan-an. Mo fẹ́ràn ibi tí òfin ti sọ pé kéèyàn má kánjú.

Àmọ́ ṣé òótọ́ ni pé kò síbi tí ọ̀nà yìí ń lọ? Àwọn tó gbẹ́ ẹ mọ ibi tí wọ́n ń lọ dáadáa. Ọdún 1770 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, ó di 1816 kí omi tó já láti Leeds dé Liverpool, máìlì 127. Ibi tí mò ń tẹ̀ yìí, ẹṣin ló ń rìn ín, tó ń fi okùn fa ọkọ̀ èédú àti òkúta. Titus Salt kọ́ ilé iṣẹ́ rẹ̀ tó ń fi irun ẹran hun aṣọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ omi yìí, ó ṣí i ní 1853, ó kọ́ abúlé yí i ká fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ó sì da orúkọ ara rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti odò Aire, ó di Saltaire. Kò sí ẹni tó wà níbẹ̀ nígbà náà tí kò kánjú. Liverpool náà ni ọ̀pọ̀ epo pupa wa ń gúnlẹ̀ sí láyé àwọn baba ńlá wa, kí ó tó sì di epo, èèyàn ni ọkọ̀ Liverpool ń wá kó… Mi ò fẹ́ ronú débẹ̀ lónìí. Mo ti ronú débẹ̀ ná.

Màámi pè mí nígbà tí mo dé orí afárá olóòkúta, níbi tí wọ́n ti gbé omi gba orí odò Aire kọjá. Ìbéèrè àkọ́kọ́: "Níbo lò ń lọ?"

"Mò ń nasẹ̀ ni, Mà."

"Lẹ́yìn tó o ti ṣiṣẹ́ mọ́jú?" Pẹ́pẹ́yẹ ké. "Kí ló ń dún un nì? Ṣé ẹ̀bá omi lo wà? Jìnnà sí i o."

Mi ò bá wọn jiyàn. Ẹni tó bá wà n'Íbàdàn ní 1980, tó rí ohun tí odò Ògùnpa fojú èèyàn rí lálẹ́ ìkún omi tí wọ́n ń pè ní Omíyalé, kò sí bó o ṣe fẹ́ ṣàlàyé omi tútù fún un. Màámi kì í sọ ọ́ pé omi ò lọ́tàá. Tí mo bá sì pè é ní kánààlì fún wọn, gọ́tà ńlá tó kún fún ọ̀rá àti ìdọ̀tí ni wọ́n á rò. Mo kàn ní, "Mo ti jìnnà sí i, Mà."

Ní Bingley mo dúró wo ọkọ̀ kan tó ń gun àtẹ̀gùn omi márùn-ún yẹn. Láti 1774 ló ti wà níbẹ̀. Wọ́n á ti ilẹ̀kùn mọ́ ọkọ̀, wọ́n á jẹ́ kí omi wọlé látòkè, omi á kún, ọkọ̀ á dìde, wọ́n á ṣí ilẹ̀kùn tó kàn. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún, títí á fi fi nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 59 gòkè. Ó dúró lójú kan, ó sì ń gòkè. Mo fẹ́ fi ìyẹn tu ara mi nínú, ó sì fẹ́ ṣiṣẹ́, àfi ìgbà tí mo rí ọkùnrin tó ń ti ilẹ̀kùn náà. Ọkọ̀ ní ẹni tó ń ṣílẹ̀kùn fún un. Èmi náà ń retí lẹ́tà kan tó máa ṣílẹ̀kùn fún mi. Kò tíì dé.

Bóyá ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ bàbá yẹn fi gún mi. Láàárọ̀, ó dà bí omi tútù lára. Ní báyìí tí mo dùbúlẹ̀ tí oorun ò wá, ó dà bí… mi ò mọ̀. Kò síbi tá à ń lọ. Ṣé ajá ni wọ́n ń bá wí ṣá?

Lóru àná lẹ́nu iṣẹ́, màmá àgbàlagbà kan tí mò ń tọ́jú, tó wà nínú yàrá tó kángun, tún wọ kóòtù, ó gbé báàgì kọ́ apá, ó ní òun ń lọ sílé. Aago méjì òru. Mo di ọwọ́ wọn mú, a rìn láti ìpẹ̀kun kọ̀rídọ̀ dé ìpẹ̀kun kejì, lọ, bọ̀, lọ, bọ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ọkọ wọn fún mi. Wọ́n wá dúró, wọ́n wò mí, wọ́n bi mí níbo là ń lọ. Ìkíni tiwa gan-an, lẹ́nu òyìnbó. Mo ní kò sí wàhálà, Mà, ẹ jẹ́ ká rọra máa rìn. Ọwọ́ wọn gbóná nínú tèmi. Èmi náà ti sọ ohun tí bàbá yẹn sọ, kó tó sọ ọ́.

Aago mẹ́jọ ni mò ń wọṣẹ́. Ẹrẹ̀ ti gbẹ sára bàtà mi.

Màámi ti fi ohùn ránṣẹ́: "Ṣó o ti délé?" Mo tẹ̀ ẹ́ pé mo ti délé, mo pa á rẹ́, mo tún un tẹ̀.