Ẹ Mọ Ẹni Tí Ẹ̀jẹ̀ Rẹ̀ Bá Tiyín Mu Kí Ilẹ̀ Tó Ṣú

Ẹ̀yin tí aboyún wà nílé yín ní Abẹ́òkúta yìí, ìyàwó ni o, àbúrò ni o, mo mọ̀ pé ẹ ti ra Dettol, ẹ ti ra aṣọ ìkókó, ẹ ti bá onítáksí sọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ta ni ó máa fún un lẹ́jẹ̀? N kò ní í yé bi yín, torí ohun tójú mi rí lọ́sẹ̀ tó kọjá kò tíì kúrò lára mi.

Ilé ìwòsàn aládàáni kan ni àbúrò mi ti bímọ, lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Ọmọ ké, a dúpẹ́, mo ti ń pe àwọn oníbàárà mi ní Ìtòkú pé kí wọ́n bá mi yọ̀, mo ti ń ro àdìrẹ tí a máa fi ṣe aṣọ ìkómọ. Ibi ọmọ ni kò jáde tán. Kó tó di aago mẹ́wàá alẹ́, bí nọ́ọ̀sì ṣe ń pààrọ̀ aṣọ abẹ́ rẹ̀ ni òmíràn ń rin, ètè rẹ̀ ti funfun, ó ń bi mí bóyá mo ti jẹun. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ ló ń bi mí bóyá mo ti jẹun! Dókítà ní kí a wá ẹ̀jẹ̀ kíá. O negative ni tirẹ̀, kò sì sí ẹyọ kan nínú fìríìjì wọn. Ọkọ rẹ̀ ṣì wà lójú ọ̀nà, ó ń bọ̀ láti Èkó.

Ẹni tó jẹ́ O negative lè fún gbogbo ayé lẹ́jẹ̀, ṣùgbọ́n O negative bíi tirẹ̀ nìkan ni òun lè gbà. Bẹ́ẹ̀ O positive ló pọ̀ jù láàárín wa. Àwọn onínegative kò tó nǹkan.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pe fóònù. "Irú ẹ̀jẹ̀ wo lẹ ní?" "AA ni mí, Ìyá Aládìrẹ." "Èmi AS ni mí o." Jẹ́nótáìpù nìyẹn! Èyí tí à ń yẹ̀ wò kí a tó ṣègbéyàwó ni AA àti AS. A, B, AB àti O, pẹ̀lú positive tàbí negative tó bá tẹ̀lé e, ni wọ́n ń béèrè níbi ẹ̀jẹ̀ gbígbà. Àwọn tó kàwé dáadáa náà ń sọ AA fún mi lóru ọjọ́ yẹn, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé aláìmọ̀wé ni mò ń bú.

Àwọn èèyàn wá o, mi ò lè parọ́ mọ́ wọn. Akọ̀wé ìpàdé àdúgbò wa ní Ọ̀bàǹtokò gbé e sórí WhatsApp, ọdẹ tó ń ṣọ́ òpópónà wa ń kan ilẹ̀kùn kiri, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ FUNAAB tó yá yàrá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa gun ọ̀kadà wá. Ẹ̀gbẹ́ tábìlì ẹni tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ni mo dúró sí. Àwo funfun pẹlẹbẹ ni wọ́n ń lò. Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ mẹ́ta fún ẹnì kan: wọ́n á kán oògùn aláwọ̀ búlúù sí àkọ́kọ́, aláwọ̀ ìyeyè sí ìkejì, èyí tó mọ́ bí omi sí ìkẹta, wọ́n á fi igi tín-ín-rín rò ó, wọ́n á mi àwo náà díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ̀kán kẹta bá ṣe kókó bí àmàlà tí ọwọ́ kò kà, positive ni. Mo ń wo ẹ̀kán kẹta ẹni kọ̀ọ̀kan, mo ń bẹ Ọlọ́run pé kó má ṣe kókó. Ó ń ṣe kókó. Ẹlòmíì á bọ́ sí orí àga, ó tún ṣe kókó. Láti ibẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ tí nọ́ọ̀sì ń pe orúkọ àbúrò mi pé kó má sùn.

Ọmọkùnrin kan lẹ́nu géètì fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní òun mọ ẹni tó ń ta ẹ̀jẹ̀, kí n ṣáà mú owó wá. Mo ní rárá. Ta ló mọ̀ bóyá ọ̀sẹ̀ tó kọjá lonítọ̀hún ta òmíràn, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti di omi? Ta ló yẹ ẹ́ wò fún HIV tàbí hepatitis? Ìyá ọkọ àbúrò mi ní mo ń ṣe ọ̀mọ̀ràn lórí ẹ̀mí ọmọ òun. Kó máa bínú lọ, n kò yí ọ̀rọ̀ mi padà.

Àsìkò ìrun àsùbáà ni lèmọ́ọ̀mù kéde rẹ̀ nínú gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí. Bàbá Ìbejì tó ń lẹ táyà ní ìkóríta wa gbọ́ ọ, ó sá wọlé lọ mú káàdì tó fi fún èèyàn lẹ́jẹ̀ nígbà kan, ó gbé máṣíìnì rẹ̀. Ẹ̀kán kẹta tirẹ̀ tẹ́jú. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fún àìsàn, wọ́n fi wé ti àbúrò mi, ó bára mu, wọ́n so ó kọ́. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà a ti wà nílé. Ọmọ náà positive ni, nítorí náà wọ́n gún ìyá rẹ̀ ní abẹ́rẹ́ anti-D kí wákàtí 72 tó pé, kí ara rẹ̀ má baà bá ẹ̀jẹ̀ ọmọ jà nínú oyún tó ń bọ̀. Ẹ̀yin onínegative, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbàgbé ìyẹn, bí oyún bá tiẹ̀ bàjẹ́ náà, ẹ béèrè.

Ní tèmi o, ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀jẹ̀ àdúgbò ni kí ẹ gbọ́. Orúkọ, irú ẹ̀jẹ̀, nọ́ńbà fóònù, kó wà lọ́wọ́ akọ̀wé ìpàdé. Ilé tí Bàbá Ìbejì ń gbé kò jìnnà sí tiwa rárá, síbẹ̀ òru mọ́ kí a tó mọ̀ pé ohun tí à ń wá wà lára rẹ̀. Ìwé ẹ̀jẹ̀ ì bá ti sọ fún wa kí aago mọ́kànlá tó lù. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní wọ́n á fi ẹ̀jẹ̀ àwọn ṣoògùn owó. Orúkọ ni a ní kí ẹ kọ, a ò ní kí ẹ gbé ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò wá sípàdé! Ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò bá gbà á, a kì í fipá mú un.

Ẹni tó bá ti pé ọdún 18, tó wọn kìlógíráàmù 50, tára rẹ̀ le, lè fúnni. Ọkùnrin lè tún un ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, obìnrin lẹ́yìn mẹ́rin. Àpò kan kò ju mílílítà 450 lọ, kò tó ìdajì lítà. FMC, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ìdí-Abà, àti ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìjàyè lè yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sí káàdì fún yín, ẹ yà á sínú fóònù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìwé náà ní ìpàdé àdúgbò yín, mo ti bẹ̀rẹ̀ ti Ọ̀bàǹtokò. Onínegative tó bá wà ní Odò-Ẹran tàbí Camp, kó bèèrè Ìyá Aládìrẹ lọ́wọ́ akọ̀wé wa, orí ìwé kan náà ni a máa kọ gbogbo yín sí.