Ẹ má san owó ìkẹyìn kí òjò tó rọ̀

Ọdún 2021 ni mo gbé iṣẹ́ òrùlé ilé màmá mi n'Íbàdàn fún káfíńtà kan tí ará ṣọ́ọ̀ṣì wa júwe. Ó pọ́n mi lé gan-an. "Àǹtí mi, ẹ má dára yín láàmú wá láti Èkó, ẹ ó máa rí i nínú fọ́tò." Pánù, igi, ìṣó, owó iṣẹ́, ó ṣírò gbogbo rẹ̀ pọ̀, mo sì san án lẹ́ẹ̀kan náà. Àṣìṣe mi nìyẹn.

Fọ́tò dára, pánù ń dán. Ní oṣù kẹfà, màmá mi pè mí láago kan òru. Wọ́n ti gbé abọ́ mẹ́ta kalẹ̀ ní pálọ̀, ọ̀kan wà lórí àga bàbá mi. Mo ń gbọ́ bí omi ṣe ń kán sínú abọ́ lórí fóònù. "Ó tún ti ń jò o, ọmọ mi." Wọn ò bá mi wí. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí títí dòní.

Káfíńtà àgbàlagbà kan bá wa gun òkè wò ó. Ó tú pánù kan, ó fi ìka tẹ igi abẹ́ rẹ̀, ìka rì wọlé bí ẹni tẹ búrẹ́dì tó ti rin fún omi. Igi àtijọ́ ni! Wọ́n kàn kan pánù tuntun lé igi tó ti jẹrà. Bàbá yọ irin ìwọ̀n kékeré kan lápò, ó fi gbá etí pánù mú: nínípọn rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 0.45, bẹ́ẹ̀ 0.55 ni mo sanwó fún. Ojú lásán ò lè rí ìyàtọ̀ yẹn, àmọ́ lórí odidi òrùlé, owó ńlá ni.

Láti ìgbà náà, n kì í fi owó ọjà sọ́wọ́ oníṣẹ́ mọ́. Òun á kọ ohun tí a nílò, n ó gbé e lọ bá oníṣẹ́ míì kó bá mi yẹ̀ ẹ́ wò, kí èmi fúnra mi tó lọ rà á. Níbi tí wọ́n ti ń gé pánù, mo ní kí wọ́n wọ̀n ọ́n lójú mi, kí wọ́n sì kọ nọ́ńbà náà sínú rísíìtì. Igi àtijọ́ gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ ní àgbàlá kí n kà á, kí tuntun tó gòkè.

Sìmẹ́ńtì náà ń fẹ́ ojú. Nígbà tí a ń mọ fẹ́ǹsì, mo fi máàkà pupa sàmì sí ogún àpò. Nírọ̀lẹ́, ogún àpò òfìfo pé lóòótọ́, ṣùgbọ́n mẹ́ta ò ní àmì mi. Wọ́n ti gbé mẹ́ta tó kún jáde, wọ́n sì wá òfìfo ibòmíràn dí i.

Bí ẹnikẹ́ni bá júwe oníṣẹ́ fún yín, ẹ béèrè ilé tó ṣe ní ọdún méjì sẹ́yìn, kí ẹ lọ kanlẹ̀kùn, kí ẹ bi onílé bí òjò ṣe ń ṣe wọ́n sí.

Bàbá yẹn ló tún òrùlé màmá mi ṣe. Ìgbà mẹ́ta la pín owó iṣẹ́ rẹ̀ sí, a kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹlẹ́rìí pé ìdá ìkẹyìn di ìgbà tí òjò ńlá bá rọ̀. Kò bínú rárá. Ní oṣù kẹrin ọdún 2022, òjò bẹ̀rẹ̀ láàjìn, ó rọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Mo gbé tọ́ọ̀ṣì gun inú àjà, mo fọwọ́ pa igi kọ̀ọ̀kan láti igun dé igun. Gbogbo rẹ̀ gbẹ. Mo fi owó bàbá ránṣẹ́ kí n tó sọ̀ kalẹ̀.