Ọlọ́run tó fún mi lẹ́nu ní Jámánì: ẹ̀rí ìdúpẹ́ mi

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ àti àbúrò, mo kí gbogbo yín o. Orí bẹ́ńṣì ọsibítù ni mo ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ lóru ọjọ́ kan pé tí Ọlọ́run bá lè dá ọmọ mi padà fún mi, mi ò ní gbé e pamọ́, gbogbo èèyàn ló máa gbọ́. Ẹ̀jẹ́ yẹn ni mo wá san lónìí. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á tán, ó gùn díẹ̀.

Stuttgart ní Jámánì là ń gbé. Ọkọ mi ló kọ́kọ́ wá, ẹ̀njíníà ni, Blue Card, ìyẹn ìwé ìgbélùú fáwọn òṣìṣẹ́ tó kàwé, ló fi wọlé, ẹni tí ọkọ tàbí ìyàwó rẹ̀ bá sì ní Blue Card, wọn kì í béèrè ìdánwò èdè Jámánì A1, ìyẹn ìpele àkọ́kọ́, lọ́wọ́ ẹ̀ kí wọ́n tó fún un ní físà. Bí mo ṣe wọ Jámánì nìyẹn tòun ti oyún nínú, tí mi ò gbọ́ ju Guten Tag, ẹ káàsán wọn, lọ. Níbi iṣẹ́ ọkọ mi, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ látàárọ̀ dalẹ́, òun ò fi bẹ́ẹ̀ rí ìyà èdè yẹn. Èmi tí mo wà nílé ni mo mọ ohun tójú mi rí.

Àwọn èèyàn máa ń sọ pé gbogbo ará Jámánì ló gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọ̀dọ́ wọn gbọ́ ọ lóòótọ́, tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra nǹkan nígboro ẹ máa rí ẹni tó máa bá yín sọ ọ́. Àmọ́ ẹ dé ọ́fíìsì ìjọba ná, ó wà nínú òfin wọn pé èdè Jámánì ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ ìjọba, fọ́ọ̀mù Jámánì, lẹ́tà Jámánì, bẹ́ ò bá gbọ́ ọ kẹ́ ẹ lọ wá ẹni tó máa gbọ́ ọ fún yín. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tẹ́ ẹ bá kó wọ ilé, ẹ gbọ́dọ̀ lọ forúkọ àdírẹ́sì yín sílẹ̀, Anmeldung ni wọ́n ń pè é, onílé á sì fún yín níwèé pé lóòótọ́ lẹ̀ ń gbé ilé òun. Lẹ́yìn ìyẹn ni lẹ́tà á wá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọlé, ti nọ́ńbà owó orí, ti ìnṣọ́ránsì, ti owó rédíò àti tẹlifíṣàn tí gbogbo ilé ń san, yúrò 18.36 lóṣù, bẹ́ ẹ ní tẹlifíṣàn bẹ́ ò ní. Ọjọ́ tí lẹ́tà owó rédíò yẹn dé, àyà mi já, mo rò pé wọ́n fẹ́ dá wa padà sílé ni, mo mú un lọ́wọ́ títí ọkọ mi fi tibi iṣẹ́ dé. Àwọn àgbà wa ní ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ẹnu wo ni mo wá fẹ́ fi béèrè?

Ní agbègbè Stuttgart yìí, nǹkan kan wà tí wọ́n ń pè ní Kehrwoche. Ayálégbé kọ̀ọ̀kan ló ní ọ̀sẹ̀ tiẹ̀ tó máa gbá àtẹ̀gùn táá sì nù ún, wọ́n á gbé pátákó kékeré kan kọ́ ẹnu ilẹ̀kùn ẹni tó bá kàn. Mo rí pátákó lẹ́nu ilẹ̀kùn wa, mi ò mọ ohun tó wà fún. Kò pẹ́ lẹnì kan nínú ilé dá mi dúró lórí àtẹ̀gùn, ó ń sọ̀rọ̀ ó ń nawọ́, ojú ẹ̀ ti pọ́n, èmi náà dúró tòun ti ikùn, mo kàn ń rẹ́rìn-ín torí mi ò mọ nǹkan míì tí mo lè ṣe. Tíṣà ni mí nílé o! Èmi tí mo máa ń wọ kíláàsì tí gbogbo ọmọ á dákẹ́ rọ́rọ́. Mo wọlé mo sunkún lọ́jọ́ yẹn, mi ò rò pé mo sunkún bẹ́ẹ̀ rí látìgbà tí ìyá mi ti kú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí lọ́kàn mi. Ohun tó ń dunni nínú àìgbédè kì í ṣe pé èèyàn ò ní rí oúnjẹ rà, tẹ́ ẹ bá nàka sí i wọ́n á gbé e fún yín. Ohun tó ń dunni ni pé ọgbọ́n orí ẹni ò hàn síta mọ́. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ mọ̀, gbogbo ohun tẹ́ ẹ ti ṣe láyé, inú ló wà, kò sẹ́ni tó rí i. Wọ́n á máa bá yín sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀, dọ́kítà tó sì ń yẹ èmi wò, ọkọ mi ló ń kọjú sí táá máa bi í pé ṣé inú ń run mí. Ara mi mà ni! Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún èèyàn, tí aago ẹnu ọ̀nà bá dún, màá dákẹ́ jẹ́ẹ́ bíi pé kò sẹ́ni nílé.

Mo bímọ láyọ̀, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Lẹ́yìn ìbí ni Ọlọ́run wá rán agbẹ̀bí kan sí mi. Ìnṣọ́ránsì ló ń sanwó agbẹ̀bí tó máa ń wá bẹ ìyá ọmọ wò nílé níbẹ̀, Hebamme lorúkọ tí wọ́n ń pè wọ́n, títí ọmọ á fi pé ọ̀sẹ̀ 12 ni wọ́n lè máa wá. Gẹ̀ẹ́sì màmá yìí ò tó nǹkan, àwòrán ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀, á ya ọmú, á ya ìdodo ọmọ, á ya ọwọ́. Ọjọ́ tó máa wá gbẹ̀yìn, ó mú ìwé kan, ó kọ nǹkan sí i gàdàgbà gàdàgbà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fìríìjì wa. Àdírẹ́sì wa ló wà lókè, àti àjà tá a wà. Lẹ́yìn náà 112 tó jẹ́ ti ánbúláǹsì àti panápaná, 110 ti ọlọ́pàá, 116117 ti dọ́kítà tí ilé ìwòsàn bá ti tì. Ó wá kọ pé ọmọ mi ń dá gìrì, ọmọ mi ò mí dáadáa, ọmọ mi ṣubú, gbogbo ẹ̀ ní Jámánì, pẹ̀lú àwòrán ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó mú kí n kà á sókè títí ẹnu mi fi yọ̀ sí i. Ó ní àwọn tíṣà á kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kíni àti bí wọ́n ṣe ń sọ orúkọ ẹni tó bá yá, pé kí n kọ́ ti òru ná. Títí dòní mo gbà pé ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ló sọ, ó sì yẹ kí gbogbo kíláàsì èdè fún àlejò ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Òru tí mò ń sọ yẹn, ọmọ ti lé lọ́dún kan, ọkọ mi ti bá iṣẹ́ lọ sí Hamburg. Ara ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná láti ìrọ̀lẹ́, mo fún un lóògùn ibà tí dọ́kítà fún wa, kò rọlẹ̀. Mo pe 116117, ẹ̀rọ ló gbé e, ó ń ka nọ́ńbà fún mi pé kí n tẹ eléyìí kí n tẹ tọ̀hún, mi ò mọ èyí tí mo fẹ́ tẹ̀. Fóònù wà létí mi nígbà tí ọmọ fà gan, ojú ẹ̀ yí, ìtọ́ ń yọ lẹ́nu ẹ̀. Ẹ̀yin ìyá, ẹ mọ gìrì, mi ò ní máa ṣàlàyé fún yín. Nílé, wọn ì bá ti wá ṣíbí tí wọ́n máa tì bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ṣùgbọ́n agbẹ̀bí yẹn ti yà á fún mi pé ẹ̀gbẹ́ ni kí n fi í dùbúlẹ̀, kí n má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu. Mo fi í lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo pe 112. Ẹ gbọ́, Gẹ̀ẹ́sì gan-an sá kúrò lórí mi nígbà yẹn, Yorùbá nìkan ló kù, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kójú tì mí, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kójú tì mí. Ojú mi wá bọ́ sára ìwé yẹn. Mo kà á: Mein Kind krampft, ọmọ mi ń dá gìrì. Mo ka àdírẹ́sì, mo ka àjà. Obìnrin tó gbé fóònù béèrè nǹkan, mi ò gbọ́, ó tún un sọ díẹ̀díẹ̀, mo gbọ́ atmet, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mímí ni torí agbẹ̀bí ya imú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, mo ní ja, ja, atmet. Kò já fóònù náà sílẹ̀ títí mo fi gbọ́ ánbúláǹsì nísàlẹ̀. Ọmọ ti dẹ̀ kí wọ́n tó gun òkè dé.

Ní ọsibítù, ìbéèrè ló kù. Báwo ló ṣe pẹ́ tó, oògùn wo lo fún un, ìgbà wo, ṣé ó ti dá a rí? Dọ́kítà tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ti sáré lọ bá ọmọ míì, nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ ò gbọ́ ọ, ìnṣọ́ránsì kì í sì í sanwó ògbufọ̀. Ìwé aláwọ̀ yẹ́lò tí wọ́n fi ń kọ àyẹ̀wò ọmọ ni mo ṣáà ń nà sí wọn. Obìnrin Tọ́kì kan wà níbi tí mo jókòó sí, ó wé gèlè ẹ̀sìn mọ́rí, ọmọ tiẹ̀ náà wà lára díríìpù. Ó fi ọmọ ẹ̀ sílẹ̀ sọ́dọ̀ ìyá ẹ̀, ó dìde wá dúró tì mí, ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì ilé ìwé bi mí, ó ń fi Jámánì dá wọn lóhùn. Kò sẹ́ni tó rán an. Nígbà tí dọ́kítà padà dé, òun náà ló túmọ̀ ẹ̀ fún mi pé gìrì ibà ni, pé ó máa ń ṣe àwọn ọmọ láti bí oṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún, pé èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ máa ń dáwọ́ dúró fúnra ẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kì í ba ọpọlọ jẹ́, àmọ́ tó bá ti kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, àfi kéèyàn tètè pe 112. Wọ́n dá wa dúró di ọjọ́ kejì, wọ́n ní ká máa lọ.

Ẹ bá mi yin Olúwa, ọmọ mi yè! Ó ń sáré káàkiri báyìí, ó ti ń lọ ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi, Jámánì ń dà lẹ́nu ẹ̀ bí ẹni bí i síbẹ̀.

Èmi náà forúkọ sílẹ̀ ní Volkshochschule, ilé ẹ̀kọ́ àgbà wọn, fún kọ́ọ̀sì tí ìjọba ṣètò fáwọn àlejò, wákàtí 600 fún èdè, 100 fún ìtàn àti òfin ìlú. Kò rọrùn o, der die das tí wọ́n ń fi ṣáájú ọ̀rọ̀ orúkọ fẹ́ẹ̀ pa mí, ọ̀rọ̀ ìṣe táá lọ dúró sí ìparí gbólóhùn kéèyàn tó mọ ohun tí wọ́n ń bọ̀ wá sọ, màá gbọ́mọ sùn tán màá tún jókòó tì í. Wọ́n ṣe ìdánwò, mo gba B1, ìyẹn ìpele kẹta téèyàn bá kà á láti A1, mo sì yege nínú ti ìbéèrè 33 nípa ìlú wọn. Ní báyìí, tí obìnrin kan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí ìjọ wa tí kò gbọ́ èdè, èmi ni mò ń bá a lọ sílé ìwòsàn. Mo máa ń sọ fún dọ́kítà pé òun ni kẹ́ ẹ wò, òun ló ni ara ẹ̀. Mo sì ti da ìwé ara fìríìjì yẹn kọ fún wọn, kálukú pẹ̀lú àdírẹ́sì tiẹ̀.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkọ mi tó wọkọ̀ òru padà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ agbẹ̀bí mi, mo ti lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ fúnra mi, mo sì fi Jámánì bá a sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, àwa méjèèjì la sunkún. Obìnrin Tọ́kì yẹn ni mi ò rí mọ́, mi ò tiẹ̀ béèrè orúkọ ẹ̀ nítorí ipò tí mo wà. Ẹ dákun ẹ bá mi ṣàmín sí àdúrà yìí: níbikíbi tó bá wà lónìí, kí Ọlọ́run jẹ́ kí ọmọ tiẹ̀ náà wà láàyè kó lálàáfíà, kí òun àti ìyá ẹ̀ má ṣe dé ibi tí wọn ò ti ní rí ẹni gba ọ̀rọ̀ sọ fún wọn láé.