Aago rédíò méjì, Kàbà àti Ìsánlú

Bí rédíò SDR (rédíò tí sọ́fítíwià ń ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rẹ̀) kan bá wà ní Kàbà, tí èkejì wà ní Ìsánlú, aago wọn kò ní bára mu. Àṣìṣe 2 ppm (méjì nínú mílíọ̀nù kan) péré, lórí 433 MHz, ti tó nǹkan bí 866 Hz. GPSDO, aago tí àmì GPS ń tọ́ sọ́nà, ló ń tún un ṣe, ọ̀kan ní ìlú kọ̀ọ̀kan: ẹ so 10 MHz rẹ̀ mọ́ ihò REF lára rédíò, kí ẹ so 1 PPS rẹ̀ (àmì kan ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan) mọ́ ihò PPS IN. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ nìyí: ẹ sọ fún sọ́fítíwià pé aago ìta ni kó lò, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, wáyà lásán lẹ so. Àńtẹ́nà GPS (ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe abẹ́ páànù) gbọ́dọ̀ rí ojú ọ̀run. Òkè tó bá dí i lójú á dín sátẹ́láìtì kù. Mítà wáyà kan ń fi nǹkan bíi nánósẹ́kọ́ǹdù 5 (ìdá bílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá ni nánósẹ́kọ́ǹdù kan) dá àmì dúró, nítorí náà, kí wáyà ìlú méjèèjì gùn dọ́gba.